Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa sọsipẹ́ńṣọ̀n kékeré fún ọmọ yúníọ̀n

Mo ti ṣe akọ̀wé yúníọ̀n rí ní bránṣì wa ní Àkúrẹ́ níbí, mo ti gbé e sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n fóònù mi ò sinmi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì á pè, ẹni tó wà ní ilé ìlagi lójú ọ̀nà Oǹdó á pè, nọ́ọ̀sì á pè, ìbéèrè kan náà ló sì ń tún ara ẹ̀ bí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí. Sọsipẹ́ńṣọ̀n tí mò ń sọ ni èyí tó kéré, ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ohun tí mo fojú rí àti ohun tí òfin sọ ni mo fẹ́ sọ.

Ṣé tí wọ́n bá ti sọsipẹ́ńdì mi, wọ́n ti lé mi nìyẹn?

Rárá, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Wọ́n kàn ní kí ẹ ṣì yẹra fún ẹnu iṣẹ́ ni, àdéhùn tó wà láàárín ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ ṣì wà láàyè. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ lọ́dún 2010 nínú ẹjọ́ Longe àti First Bank, pé ẹni tí wọ́n sọsipẹ́ńdì kì í ṣe ẹni tí wọ́n lé. Ọ̀gá pátápátá ní báńkì lọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀ sí, kì í ṣe ẹni tó ń ti bárò, ẹ ò wá rí i pé kò sẹ́ni tí kò lè kàn.

Ohun tó máa ń da orí èèyàn rú ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ẹ lọ sílé kí wọ́n lè ráyè wádìí ọ̀rọ̀, bóyá owó ò pé ní káńtà tàbí epo jẹnẹrétọ̀ dín, wọn ò tíì sọ pé ẹ jẹ̀bi. Èkejì, wọ́n ti wádìí tán, wọ́n ti ní ẹ jẹ̀bi, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ìyà ẹ̀. Tí lẹ́tà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú ẹ̀, torí ẹ̀tọ́ yín nínú àkọ́kọ́ ò rí bíi ti èkejì. Mo ti rí lẹ́tà kan tó da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, ó ní àwọn dá ọmọkùnrin náà dúró fún ọjọ́ márùn-ún nítorí àfojúdi, títí ìwádìí yóò fi parí. Mo ní ṣé ẹ ti dájọ́ ni àbí ẹ ṣì ń wádìí? Wọn ò rí èsì fọ̀.

Sùpábáísọ̀ mi kàn sọ fún mi lẹ́nu géètì pé kí n máa lọ, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Kò fún mi ní pépà kankan. Kí ni kí n ṣe, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ má kàn yíjú padà kí ẹ wọ ọ̀kadà lọ sílé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, sùpábáísọ̀ yẹn lè sọ pé òun ò sọ nǹkan kan, pé ẹ̀yin lẹ pa iṣẹ́ tì fún ọjọ́ mẹ́ta láìgbàyè, ẹjọ́ yẹn sì burú ju èyí tó kọ́kọ́ fa wàhálà lọ fíìfíì. Ẹ lọ bá HR, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹ ní ẹ fẹ́ lẹ́tà. Tí wọn ò bá fún yín, ẹ tẹ mẹ́sééjì lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ fi ránṣẹ́ sí HR àti akọ̀wé yúníọ̀n, kó má gùn: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ní agogo méje àbọ̀ òní, Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá ní kí n máa lọ sílé títí di ọjọ́ Ajé. Mo wà nílẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lẹ́tà tó sọ ìdí rẹ̀." Ó parí. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́, torí ẹni tí inú ń bí tó lọ tẹ fóìsì nóòtù, ohùn ẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ lójú pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn tí ilé iṣẹ́ yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Gbólóhùn tó ní "mo wà nílẹ̀ láti ṣiṣẹ́" yẹn, ẹ má yọ ọ́ kúrò, owó wà nínú ẹ̀, màá ṣàlàyé níwájú.

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, lẹ́tà tó ní kí n ṣàlàyé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí, wọ́n ní kí n dáhùn láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ara wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ dáhùn. Má sọ pé kékeré ni, má sọ pé ọ̀gá náà ti mọ bó ṣe jẹ́. Kúẹ́rì tí èèyàn ò dáhùn, bí ìgbà téèyàn gbà ló rí lójú wọn. Tí àkókò tí wọ́n fún yín bá kéré jù, ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ àfikún ọjọ́ kan, kí ẹ sọ ìdí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Èkejì, ohun tí wọ́n bi yín ni kí ẹ dáhùn. Tí wọ́n bá ní ẹ pẹ́ dé lọ́jọ́ Tusidé, ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ dé, ohun tó dá yín dúró àti ẹni tẹ́ ẹ pè, kí ẹ dákẹ́. Kò kan bí sùpábáísọ̀ ṣe kórìíra yín láti ọdún tó kọjá, kò kan pé àwọn mìíràn náà ń pẹ́ dé, àfi tí yúníọ̀n bá wò ó tó ní kí ẹ fi kún un. Ẹni tó kọ ojú ewé mẹ́ta fún ẹ̀sùn ìlà méjì, á kọ nǹkan tí wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì fi kọ kúẹ́rì kejì.

Ẹ̀kẹta ló le jù fún àwa Yorùbá. Wọ́n ti tọ́ wa pé tí àgbà bá bínú, ọmọ á dọ̀bálẹ̀, á ní "ẹ má bínú sà, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́," bó tilẹ̀ mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, mi ò ní kí ẹ jù ú nù. Ṣùgbọ́n pépà ò mọ ìdọ̀bálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "mo tọrọ àforíjì fún ohun tí mo ṣe, ẹ ṣàánú mi torí àwọn ọmọ mi," lójú pánẹ́ẹ̀lì ẹ ti jẹ́wọ́ nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ bá sì dé kọ́ọ̀tù, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ yẹn ni lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ gbé jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ẹ lọ fi ẹnu bẹ̀, ẹ mú àgbà kan dání, ẹ kúnlẹ̀ tó bá pọn dandan. Nínú èsì kúẹ́rì, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kó wà níbẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ̀bi lóòótọ́, ẹ gbà á ní ìlà kan, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti ṣe láti tún un ṣe, ẹni tó ń purọ́ nínú èsì kúẹ́rì ń wá ìyà méjì fún ẹ̀ṣẹ̀ kan ni.

Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á fi síáńpù tàbí sáìn sórí tiyín, pẹ̀lú déètì.

Ṣé mo lè mú yúníọ̀n dání lọ sí pánẹ́ẹ̀lì?

Ìwé àdéhùn tí yúníọ̀n àti ilé iṣẹ́ jọ tọwọ́ bọ̀ ló máa sọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí akọ̀wé fi ojú ewé ibẹ̀ hàn yín, má gbà "a ti mọ̀ ọ́n, fọkàn balẹ̀." Mo ti pàdé akọ̀wé tí kò rí ìwé àdéhùn náà rí láyé ẹ̀, ó kàn ń pariwo ni.

Ẹ tún mọ̀ pé ìwé yẹn fúnra ẹ̀ lè má lágbára tó nílé ẹjọ́ tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín ò bá dárúkọ ẹ̀. Òfin àtijọ́ gan-an ni, pé àdéhùn ẹgbẹ́ ò de ilé iṣẹ́ àfi tí wọ́n bá mú un wọ inú àdéhùn òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ wo lẹ́tà yín nílé lálẹ́ òní.

Ṣé dandan ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi kí wọ́n tó sọsipẹ́ńdì mi?

Tó bá jẹ́ ti ìwádìí, ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ilé iṣẹ́ lè ní kí èèyàn yẹra ná láìkọ́kọ́ pè é sí pánẹ́ẹ̀lì, torí wọn ò tíì dájọ́. Tó bá jẹ́ ìyà, ó yàtọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni àwọn lọ́yà máa ń nawọ́ sí lórí ẹ̀, kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún yín, kí wọ́n fún yín láàyè láti dáhùn, kí ẹni tó ń ṣe ẹlẹ́rìí má tún jẹ́ adájọ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń bàjẹ́ jù ní àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké wa, ọ̀gá tẹ́ ẹ jọ jà náà ló jókòó sáàárín pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ sọ ọ́ jáde níbẹ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú mínìtì, àkọsílẹ̀ ìjókòó náà, pé ẹ sọ ọ́.

Ṣé wọ́n lè yọ owó ọjọ́ yẹn nínú sálárì mi?

Ìbéèrè owó dé. Òfin Lébọ̀ wa, abala 17, sọ pé tí òṣìṣẹ́ bá wá síbi iṣẹ́, tí ara ẹ̀ le, tó sì ṣe tán láti ṣiṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fún un níṣẹ́, tí kò bá fún un, kó san owó ọjọ́ yẹn bíi pé ó ṣiṣẹ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ "mo wà nílẹ̀" nìyẹn. Ṣùgbọ́n abala yẹn náà yọ ẹni tí wọ́n sọsipẹ́ńdì gẹ́gẹ́ bí ìyà fún ìwà àìtọ́ sílẹ̀. Nítorí náà sọsipẹ́ńṣọ̀n tó jẹ́ ìyà lè gbé owó ọjọ́ yẹn lọ, ti ìwádìí lásán ò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀ nínú abala yẹn. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ẹjọ́ pé ilé iṣẹ́ ò lè dá owó oṣù dúró nítorí sọsipẹ́ńṣọ̀n àfi tí àdéhùn tàbí ìwé òfin ilé iṣẹ́ bá gbà á láyè. Ẹ béèrè pé: ojú ewé wo ló wà?

Fáìnì ńkọ́? Abala 5 nínú Òfin Lébọ̀ kan náà ò gbà á. Ọ̀gá ò lè sọ pé ẹ pẹ́ dé, kí ẹ san ẹgbẹ̀rún méjì, kó sì yọ ọ́ nínú owó yín. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é káàkiri Àkúrẹ́, kò sọ ọ́ di òfin.

Ẹ ṣọ́ ìṣirò náà o. Ká ní ₦70,000 lẹ ń gbà, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dé lọ́dún 2024. Tí wọ́n bá fi ọjọ́ 30 pín in, ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ ₦7,000. Tí wọ́n bá fi ọjọ́ iṣẹ́ 22 pín in, ó ti di nǹkan bíi ₦9,545. Akọ̀wé owó tó ń ṣe ìkan fún ìyọkúrò, tó tún ń ṣe ìkejì fún ovatáìmù, ẹ mú ìwé owó oṣù yín méjèèjì lọ bá a.

Ohun kan tún wà, Òfin Lébọ̀ yìí ò wà fún gbogbo èèyàn. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé lásán ló dì mú, kò kan mánéjà àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ńlá, lẹ́tà àdéhùn tiwọn ni wọ́n máa wò.

Ọjọ́ mélòó ni òfin sọ?

Òfin Lébọ̀ ò dárúkọ iye ọjọ́. Ìwé òfin ilé iṣẹ́ tàbí àdéhùn yúníọ̀n ló ń sọ ọ́. Tí wọ́n bá kọ ọjọ́ márùn-ún síbẹ̀, wọn ò lè fún yín ní méje. Ẹ bi wọ́n bóyá ọjọ́ iṣẹ́ ni àbí ọjọ́ kàlẹ́ńdà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ṣíífù. Èyí tí wọ́n kọ "títí a ó fi pè ẹ́" sí kì í ṣe kékeré mọ́, ẹ gbé e lọ bá yúníọ̀n lọ́jọ́ kan náà.

Alága wa ni wọ́n sọsipẹ́ńdì, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Ṣé kò hàn gbangba?

Ó lè hàn, ṣùgbọ́n ẹ máa ní láti fi hàn. Abala 40 nínú ìwé òfin 1999 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, abala 9 Òfin Lébọ̀ sì sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ tàbí lé e torí pé ó wà nínú yúníọ̀n tàbí torí pé ó ṣe iṣẹ́ yúníọ̀n lákòókò tí kì í ṣe ti iṣẹ́, tàbí lákòókò iṣẹ́ tí ọ̀gá bá gbà á láyè. Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Alága tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní agogo mẹ́wàá láti lọ ṣèpàdé láìsọ fún ẹnikẹ́ni ti fún wọn lókùn tí wọ́n máa fi dè é. Ipò alága kì í ṣe ayẹta. Ẹ kó déètì jọ: ọjọ́ ìpàdé, ọjọ́ kúẹ́rì, àwọn mìíràn tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi ìyà jẹ.

Ṣé ká kúkú ti géètì pa?

Nítorí ọjọ́ mẹ́ta? Òfin tó wà fún ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní kí ẹ tẹ̀lé ọ̀nà tó là sílẹ̀ kí ẹ tó dáṣẹ́ sílẹ̀, láti 2005 sì ni ìdìbò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ẹ má fi sọsipẹ́ńṣọ̀n ẹnìkan ra sọsipẹ́ńṣọ̀n ogójì èèyàn.

Mi ò tíì san owó yúníọ̀n rí. Ṣé wọ́n á bá mi dá sí i?

Ẹ wo ìwé owó oṣù yín, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ń yọ ọ́ látijọ́ tẹ́ ẹ ò mọ̀. Láti 2005, kò sí ẹni tí wọ́n lè fipá mú wọ yúníọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá torí owó ẹgbẹ́, tó wá ń pè mí ní agogo mọ́kànlá alẹ́... màá gbé fóònù náà ṣá.

Ìjọba lèmi ń bá ṣiṣẹ́ ní Alágbàká. Ṣé ìkan náà ni?

Kì í ṣe ìkan náà. Ẹ̀yin ní ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì yà sọsipẹ́ńṣọ̀n sọ́tọ̀ sí ohun tí wọ́n ń pè ní interdiction, níbi tí owó tí wọ́n ń san fún èèyàn kì í ju ìdajì lọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Àwọn yunifásítì náà ní òfin tiwọn. Ẹ lọ bá yúníọ̀n yín, NULGE fún ìjọba ìbílẹ̀, NASU fún òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe olùkọ́ tàbí NUT fún àwọn tíṣà, kí wọ́n ṣí ìwé yẹn níwájú yín.

Wọ́n ní kí n sáìn lẹ́tà sọsipẹ́ńṣọ̀n. Tí mo bá sáìn, ṣé mo ti gbà pé mo jẹ̀bi?

Ẹ sáìn pé ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ yín: "Mo gba lẹ́tà yìí, n kò fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀," pẹ̀lú déètì àti aago. Ẹ má fa lẹ́tà ya o. Ẹnìkan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Oǹdó, gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ náà wá di ọ̀rọ̀ lẹ́tà tó fà ya, ẹ̀sùn àkọ́kọ́ gan-an, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀.

Mo fẹ́ pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́. Níbo ni mo máa lọ?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe apíìlì nínú ilé iṣẹ́, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, torí ó máa ń ní gbèdéke ọjọ́, tó bá kọjá ó kọjá nìyẹn. Lẹ́yìn náà yúníọ̀n lè gbé e lọ sí ọ́fíìsì Mínísìtrì Lébọ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí mo ti dárúkọ lókè, ni òfin gbé irú ẹjọ́ yìí fún, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, ẹ ò nílò láti lọ Èkó. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, owó ọjọ́ mẹ́ta ò tó owó lọ́yà. Ohun tó ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù ni ohun tó wà nínú fáìlì, kì í ṣe ₦7,000.

Ṣé mo lè lọ ta ọjà ìyàwó mi ní Ọjà Ọba láàárín ọjọ́ yẹn?

Ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí fóònù wà ní títàn, tí wọ́n bá ń wádìí wọ́n lè pè yín nígbàkigbà. Ẹ má lọ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń du kọ́sítọ́mà.

Ọjọ́ mẹ́ta ti pé, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ó ti tán?

Kò tíì tán. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn á lọ, lẹ́tà yẹn ò lọ. Ó máa wà nínú fáìlì, tó bá sì di ìgbà mìíràn, wọ́n á kọ ọ́ pé "ìgbà kejì rẹ nìyí," ìyà á wá gun òkè látorí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ méjì, látorí ọ̀sẹ̀ méjì síta. Àwọn àdéhùn kan sọ iye oṣù tí wọ́ọ́níǹgì fi ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì, tí tiyín bá ní in, ẹ kọ déètì yẹn sórí kàlẹ́ńdà, tó bá pé, ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́. Wọn ò ní rántí fúnra wọn.

Ibi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, kí n tó mọ nǹkan kan nípa yúníọ̀n, wọ́n fún mi ní kúẹ́rì torí mo pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ òjò. Ọ̀nà Ọ̀dà ni mò ń gbé nígbà yẹn, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ lójò á mọ̀. N ò dáhùn, wọ́n wá sọsipẹ́ńdì mi, mo ní ọjọ́ méjì náà dà, mo lọ sùn. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, orúkọ mi ò sí nínú àwọn tí wọ́n gbé ga, mo lọ bá obìnrin tó wà ní HR, èèyàn dáadáa ni, ó ṣí fáìlì mi níwájú mi. Kúẹ́rì wà níbẹ̀. Lẹ́tà sọsipẹ́ńṣọ̀n wà níbẹ̀. Wọ́n wá fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò dáhùn. Mo ní ṣé mo lè kọ èsì náà báyìí. Ó wò mí títí, ó ní kí n kọ ọ́. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú déètì ọjọ́ yẹn.